Omi Ọjọ́ Ọ̀wẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ pa nǹkan ọwọ́ yín yẹn ná. Kì í ṣe pé mo kórìíra orin o. Bí orin yẹn bá ti ń dún, n kì í lè jókòó sójú kan; Bọ́lá ọmọ ọmọ mi lè jẹ́rìí sí i. Ẹ ò rí i, mo ti dìde tán. Ẹ̀yin ẹ jókòó jàre, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo dìde fún. Bọ́lá ní ọ̀la ni òun àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ òun máa wọ mọ́tò lọ sí Ìnísà, kí ẹ lọ ya fídíò Láníyì, bàbá tó kọ orin náà. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù, pé wọ́n ń fi í sétí sùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bá yín sọ. Bí ẹ bá ṣì í sọ lójú Láníyì, ẹ ó ba àgbàlagbà kan lọ́kàn jẹ́, kò sì ní sí bí ẹ ṣe máa tún un ṣe.

Kò ṣeé sọ ní ṣókí. Ẹ ó fara balẹ̀, bí èmi tí mò ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ lè fara balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà, wọ́n tún ti jà. N kò bú yín o. Ayé yín ló yá. Ayé tiwa kò yá rárá. Ní Ìkìrun níbí, reluwé ni aago wa. Bí a bá ti gbọ́ fàkàfìkì rẹ̀ lọ́nà Òṣogbo, àwọn ìyá wa á gbé igbá àkàrà, wọ́n á gbé agbọ̀n ọsàn, eré di téṣàn. Fèrè rẹ̀ á ké, àwọn ajá ìlú á gbè é. Ẹ lọ wo ojú irin náà lónìí, ewúrẹ́ ló ń jẹko láàárín rẹ̀. Ọ̀kadà ló gba ìlú, ariwo wọn kò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì í ń sọ.

Ìtòsí téṣàn yẹn ni èmi àti Láníyì ti jọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà. Ọmọ Ìnísà lòun, ọmọ Ìkìrun lèmi. A jọ ń fá pákó, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ọ̀gá wa a máa sọ pé bí òun bá na ọ̀kan, èkejì ló ń sunkún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Láníyì kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó ń ṣa ìgékù pákó pa mọ́ sábẹ́ tábìlì, a rò pé ó fẹ́ fi dáná ni. Àṣé gìtá ló ń kàn. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fà sí i lójú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ta á, ewúrẹ́ ọ̀gá wa já okùn, ó sá gba ọjà lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀gá nìkan ni kò rín, torí òun ló lé ewúrẹ́ náà.

Níbi ìkórè ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Òkukù ni mo ti rí Àbẹ̀kẹ́, ìyá àgbà Bọ́lá. Ẹni tó pè wá síbẹ̀ ní kí a wá tún àga ìjọ ṣe, a sì dúró jẹ ìkórè. Àwọn ọmọge ń tò wọlé, wọ́n ru irè oko, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Iṣu ló wà lórí tirẹ̀. Iṣu náà fẹ́ já bọ́, ó fọwọ́ kan dì í mú, kò sì dá ijó dúró. Mo ní, “Mo ti rí ìyàwó.” Láníyì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ń wo ọmọ yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, láàárín ọ̀rẹ́ sì rèé, ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló ni ín.

Nígbà náà, o ò kàn ní dìde kí o lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Alárenà ló ń ṣe é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni alárenà tèmi, obìnrin tó lẹ́nu dídùn. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, títí àwọn ará Òkukù fi gbà. A ṣe ìdána, inú mi dùn. Mo rò pé ìyà ti tán. Àṣé ó kù.

Ṣé ẹ rí i, láti ọjọ́ ìdána, ojú ọmọge kò gbọdọ̀ ko ojú ọkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi gbé e wọlé. Bó bá rí ẹ lókèèrè, á sá. Bó bá jẹ́ ọjà ni, á kó sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kí ẹ, kò gbọdọ̀ na nǹkan sí ẹ lọ́wọ́, àfi kó fi rán ẹlòmíràn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í kọrin, wọ́n á ní kò nítìjú. Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkìrun dé Òkukù lọ́jọ́ kan, nítorí kí n lè rí i fìrí. Ó gbọ́ ohùn mi lójúde, ó fò dìde nídìí ààrò, ló bá fẹsẹ̀ gbá ìkòkò ọbẹ̀ dànù. Ìyá rẹ̀ jáde, ó kí mi dáadáa, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, àna wa. Nígbà mìíràn, ẹ máa lu agogo kẹ̀kẹ́ yín láti òkèèrè, kí á lè gbé ọbẹ̀ kúrò lọ́nà.” Ojú tì mí dé Ìkìrun.

Bọ́lá ń rẹ́rìn-ín. Rín o. Ìyẹn ni ìfẹ́ tiwa. Ọmọbìnrin tó bá sá fún ẹ ló fẹ́ ẹ.

Kí wọ́n tó gbé ìyàwó fún ẹ, ọ̀wẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin kò mọ ọ̀wẹ̀. Gbọ̀ngàn lẹ̀yin ń wá kiri, ẹni tó máa ya fọ́tò lẹ̀yin ń wá. Nígbà tiwa, àwọn ọ̀rẹ́ tó ní ọkọ́ lo máa wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wàá kó wọn lọ sóko bàbá ìyàwó, ẹ ó kọ ebè fún un láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ìwọ tí o fẹ́ ìyàwó ló máa mú poro tó gùn jù. O ò gbọdọ̀ nà tàntàn, o ò gbọdọ̀ tọrọ oúnjẹ, o ò gbọdọ̀ sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóko àna. Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ fẹ́ gbọ́mọ lọ. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ dúró sí etí oko, ó ń rin pákò, ó ń wò wá. Ebè tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi ẹsẹ̀ taari rẹ̀, á ní, “Èyí ńkọ́, orí eku ni?”

Láníyì tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀wẹ̀ náà. Poro tó tẹ̀ lé tèmi ni tirẹ̀. Ó ń dárin, àwa ń gbè é, ọkọ́ ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì, kì, kì, gbogbo ilẹ̀ ń mì. Ariwo ọkọ́ yẹn, bí mo bá ń rántí rẹ̀, àyà mi á máa sáré. N kò tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán, oòrùn wọ agbárí wa. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ débi pé n kò lè gbe orin mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, ó fi aṣọ bo orí, ó gbé igbá omi lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, wọ́n ń wò ó.

Ó ń bọ̀ tààrà sí ọ̀dọ̀ wa. Mo dorí kodò mọ́ ọkọ́, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó dé iwájú Láníyì, ó kúnlẹ̀, ó na igbá sí i, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ nǹkan kan. Láníyì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún. Ó mu ún tán pátápátá, ó sì dá igbá padà fún un. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ló bá dìde, ó lọ. Ní ti èmi, ilẹ̀ tí mò ń kọ ni mo ń wò. Mo ní nínú ara mi pé, “Ó ti tán. Láníyì ló fẹ́.” Òùngbẹ gbẹ mí délé lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé e fún mi ṣá. Ó wọlé mi, ó tọ́jú mi, a bí Tóyìn, ìyá Bọ́lá. Láníyì pa iṣẹ́ káfíńtà tì, ó kó ẹgbẹ́ olórin jọ. Wọn kò pọ̀: òun pẹ̀lú gìtá, ọ̀kan tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tó ń gbè é. Nítorí pé wọn kì í pariwo, àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè wọ́n ní Olóhùn Jẹ́jẹ́. Orúkọ náà kò bí wọn nínú, wọ́n kọ ọ́ sára àpótí gìtá. Bí ẹ bá kọjá Òṣogbo, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá kọjá Ọ̀fà, bákan náà. Ṣùgbọ́n láàárín Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àwọn tó fẹ́ràn wọn, wọ́n fẹ́ràn wọn bí ẹni mu oògùn. Télọ̀ kan wà ní Òkukù, bí Olóhùn Jẹ́jẹ́ bá ní òde nílùú èyíkéyìí, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, àwọn oníbàárà á máa bú u. Onígbàjámọ̀ kan sì wà lẹ́bàá ọjà níbí, bí ẹ bá ní kó yí orin padà, á fi abẹ sílẹ̀, á ní kí ẹ gbé ìdajì irun yín lọ sílé.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Tóyìn, Láníyì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá mi ṣe é. Ó ní ẹ̀bùn òun nìyẹn. Wọ́n ṣeré, a jó, inú gbogbo èèyàn dùn. Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn yòókù gbé nǹkan ọwọ́ wọn sílẹ̀. Òun nìkan ló kù pẹ̀lú gìtá. Ìyá mi bi mí létí pé, “Ṣé àìsàn ń ṣe wọ́n ni? Orin wo ni wọn ò lùlù sí?” Gìtá náà bẹ̀rẹ̀, ó ń rọra sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí òjò ń kán láti orí páànù lẹ́yìn tó ti dá. Ó wá kọ ọ́:

Ọmọ tó bu omi fún mi lóko,
Kò wò mí lójú, kò fọhùn.
Omi náà tutù lọ́fun mi,
Iná ló dá sí mi láyà.
Bí mo bá pè é, ta ni yóò jẹ́?
Ebè tí mo kọ, ti ẹlòmíràn ni.

Àwọn ọmọge ń nu ojú. Mo wo ìyàwó mi. Ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo dìde, mo ní mò ń lọ wo ewúrẹ́. A ò ní ewúrẹ́ kankan.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó gbọ́ ọ. Wọ́n lọ gbé e sáwo ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn àwo ni wọ́n fi í sí, torí ẹni tó gbé e jáde kò kà á sí. Ẹ̀yìn yẹn làwọn èèyàn ń gbé síta. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ lọ sódò. Àwọn tó ń wá ìyàwó ń fi í ránṣẹ́. Mo kúrò nílé ìgbàjámọ̀ yẹn, mo ń lọ gẹrun lókè lọ́hùn-ún. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, wọ́n ta gìtá náà báyìí, mo bá ara mi lẹ́yìn ilé ìdáná, mò ń ka iṣu. Èyí tó dùn mí jù, bí Àbẹ̀kẹ́ bá jókòó ti aṣọ fífọ̀, orin yẹn ló máa bọ́ sí i lẹ́nu. Á máa fọ ẹ̀wù mi, á máa kọ orin Láníyì. Mo bínú, mo jowú, mo fẹ́ bi í, ẹnu mi kò gbà á. Wọ́n ní ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dákẹ́. N kò lọ sí Ìnísà mọ́. Bí mọ́tò Òkukù tí mo wọ̀ bá ti fẹ́ kọjá níbẹ̀, mo máa ń kọjú sí òdìkejì ọ̀nà bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, omi lásán ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ yìí, Bọ́lá dé. Ó tan orin náà sílẹ̀ ní pálọ̀ wa, mo ti ń wá bàtà mi. Màmá yín jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bọ́lá ní, “Màmá, àwọn ará Ìnísà sọ fún mi pé ẹ̀yin ni ọmọge inú orin yìí. Ṣé òótọ́ ni?”

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ní, “Baba Tóyìn, ibo lẹ tún ń lọ?”

“Mo fẹ́ wo ìta.”

“Ìta ò sá lọ. Ẹ wá jókòó.” Ó kọjú sí Bọ́lá. “Èmi kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tún un kọ kí n gbọ́.”

Bọ́lá tún un fi sí i. Ìyàwó mi tẹ́tí sí i, ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ ó gbà mí gbọ́? Gbogbo ọdún tó fi ń kọ orin yẹn, kò fọkàn bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ rí. Ohùn ló ń gbọ́. Lójijì ló pàtẹ́wọ́, ó ní, “Hà! Omi oko bàbá mi? Ṣé omi yẹn ni Láníyì fi kọrin?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀.

Mo ní, “Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?” Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

“Omi yín ni!”

“Omi ta ni?”

“Omi yín ni mo ní, Baba Tóyìn. Ẹ̀yin ni mo ń wò láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà lábẹ́ igi irúgbá. Ètè yín ti funfun, ẹnu yín ò lè gbe orin mọ́. Àánú yín ń ṣe mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣé mo lè na omi sí yín lọ́wọ́ ni? Lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi? Lójú bàbá mi? Mo ní ọ̀rẹ́ yín ló sún mọ́ yín jù, kí n gbé e fún un, á gbé e fún yín. Ìtìjú ò jẹ́ kí n la ẹnu, mo rò pé ó mọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó kì í bu omi fún ọkọ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀? Ló bá gbé e sẹ́nu, kò kù kán! Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, n kò mọ ohun tí n ó ṣe. Mo padà sí odò, mo sunkún.”

Mo ní, “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ṣé ẹ bi mí? Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún yín pé òun ló mu omi yín. Òùngbẹ ń gbẹ èèyàn, ó mu omi. Ṣé ó yẹ kí n máa fi ìyẹn ṣe ìjà?” Ló bá tún rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. “Mo fẹ́ràn yín nígbà yẹn, Baba Tóyìn. Mo fẹ́ràn yín ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo ti darúgbó, eékún ń dùn mí. Mo fò! Bọ́lá rí mi. Mo jó yí tábìlì ká. Bọ́lá ń pariwo pé, “Bàbá, ẹ dúró kí n ya fídíò! A máa gbé èyí lọ fún Bàbá Láníyì ní Ìnísà, ká wo ojú wọn bí wọ́n bá gbọ́ ọ! Yóò tàn kálẹ̀!” Èmi fúnra mi ni mo ní kó yà á. Mo ní kó yà á dáadáa. Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ pé èmi ni mo ni omi.

N kò lè dúró de ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ní àná, mo jẹun àárọ̀ tán, mo dá ọ̀kadà dúró, mo dé gáréèjì, mo wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń dá sọ̀rọ̀. Mo ń to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: bí mo bá wọlé, bí mo bá jókòó, n ó ní, “Láníyì, o mọ̀ pé omi mi lo mu?” Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi ò yá báyìí rí.

Mo bá a lójúde ilé rẹ̀, lórí àga kan tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Gìtá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára. N kò tíì kí i tó fi ní, “Ẹsẹ̀ tí kì í gbé jẹ́ẹ́ yìí! Ọmọ Ìkìrun, ìwọ nìyẹn?” Ó na ọwọ́, ó ń wá tèmi kiri nínú afẹ́fẹ́. Mo gbà á mú. Kò jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Inú mi dùn pé o wá. Àwọn ọmọ kan ń bọ̀ wá ya mí, wọ́n á bi mí léèrè orin yẹn. Mo ti fẹ́ bi ọ́ tipẹ́, bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n má sọ ọ́. Ìyàwó rẹ ni. N kò fẹ́ dójú tì ọ́.”

Ọ̀rọ̀ tí mo tò wà lẹ́nu mi.

Ó ní, “Ìwọ lo ni ìyàwó, o ni ọmọ, o sì tọ́ sí wọn. N kò bá ọ dù ú rí. Omi yẹn nìkan ló kàn mí. Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, n kò rí ojú àwọn ọmọ mi nínú ọkàn mi mọ́. Ìyàwó mi tó kú, ojú rẹ̀ ti ń pòórá. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ yẹn. Ó fi aṣọ bo orí, ó kúnlẹ̀, ó na igbá sí mi. Mo ń rí i bí mo ṣe jókòó yìí.” Ó fà mí lọ́wọ́ sún mọ́ ara rẹ̀. “Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé, Láníyì, ṣé o kò kàn tan ara rẹ jẹ? Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Poro rẹ ló tẹ̀ lé tèmi. Má purọ́ fún mi, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé èmi ló bu omi yẹn fún?”

Mo jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi yìí. Mo wo ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́, tó kọ sí mi.

Mo ní, “Ìwọ ló bù ú fún, Láníyì. Mo wà níbẹ̀. Mo fi ojú mi rí i.”

Bọ́lá, pa fídíò tó o yà yẹn rẹ́ níṣojú mi báyìí. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ohun tí ẹ̀yin náà máa sọ nìyẹn.